Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Oníṣúgà

"Na ọwọ́ rẹ wá."

Mo na àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Àgbà gbé orógùn kúrò nínú abọ́ ẹ̀wà lílọ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀kán kan ro sí àárín ọwọ́ mi, ó sì dúró. Ẹ̀wà náà tutù bí imú ajá. Epo ti sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn irú inú rẹ̀ sì le débi pé ewúrẹ́ tó yọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná sín lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo lá a. Ìyá kò wo ọwọ́ mi. Ẹnu mi ló ń wò, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá pẹ́.

"Ahọ́n mi, kí lo wí?"

"Iyọ̀ kù díẹ̀, Ìyá."

Ó fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, ó wọ́n ọn, ó rò ó. "Ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Ó tó."

"Ó tó, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó?"

Mo tún lá a. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ lèèyàn lè bu iyọ̀ sí lẹ́yìn tó bá jinná. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ kì í dárí ji ni. Bí o bá ti pọ́n ọn sínú ewé tán, ohun tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú iléèwé, àwọn olóyè ìjọba ń yí padà bí ẹni ń yí aṣọ padà. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná ìyá bàbá mi ní Ifangni, ìjọba kan ṣoṣo ló wà, orógùn sì ni ọ̀pá àṣẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé orógùn yìí. Gbogbo obìnrin agbo ilé wa ló ní orógùn tirẹ̀ tó fi ń ro oúnjẹ ọkọ àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a ń pè ní orógùn àlejò. Igi rẹ̀ ti dúdú, ìdí rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, òkè àjà ilé ìdáná ni wọ́n máa ń fi há. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń se oúnjẹ ìkómọ, oúnjẹ àna, oúnjẹ ẹnikẹ́ni tó bá ti òde wọlé wá. Nígbà tí àlejò bá ń jẹun, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti orógùn náà lọ́wọ́, títí ẹnìkan á fi wí pé, "Ìyá, ọwọ́ yín dùn o." Ìgbà náà ni yóò tó wọlé lọ jókòó. Ìyá Àgbà ti gbọ́ gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí bàbá mi wà ní ìrákòrò. N kò rò pé oúnjẹ kankan bọ́ sí i lẹ́nu tó dùn tó o.

Ó sì tọ́ sí i. Ẹ ò tíì jẹ ilá títí ẹ ó fi jẹ ilá rẹ̀ tó fi akàn odò sè, tí a ó máa fi ẹ̀kọ tútù bù ú, tí yóò máa fà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Èkuru rẹ̀ funfun, ó ń bú sọ́wọ́ bí iyanrìn, ata díndín inú epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tuntun. Òun ló kọ́kọ́ bu ẹ̀pà lílọ̀ sí ẹ̀fọ́ gbúre ní agbo ilé wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ìka nu abọ́. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù po àgbàdo tútù, ó dín in, bàbá mi ní oúnjẹ àwọn ọmọdé ni, ó sì jẹ ti àwa ọmọdé tán. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Igolo tó bá ń kọjá a máa béèrè bóyá ó sè é lónìí.

"Ahọ́n mi" ló ń pè mí. Àwọn ará ilé rò pé nítorí ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ni, n kò sì lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ibà kan dá Ìyá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde, ọwọ́ rẹ̀ dìde, ahọ́n rẹ̀ kò bá wọn dìde. Iyọ̀ àti eérú, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi ojú mọ epo, ó ń fi etí mọ ìgbà tí omi ìkòkò fẹ́ gbẹ, ó ń fi ìka mọ irú tó ti dé ojú rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni kò rí ọgbọ́n dá sí. Ọjọ́ tó sọ fún mi, àwa méjì là ń bó ẹ̀wà nínú omi, èèpo ń léfòó láàárín ọwọ́ wa.

"Ìwọ nìkan lo mọ̀," ó wí. "Bí ó bá dé etí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, mo kú nìyẹn."

"Ìyá, ẹ ò ní í kú."

"Yóò gba orógùn lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni kí o máa tọ́ iyọ̀ wò fún mi."

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yàrá rẹ̀ ló kángun sí ẹ̀yìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ti ń wo òkè àjà yẹn fún ọdún mẹ́wàá ni.

Báyìí ni mo ṣe di ahọ́n Ìyá. Mo sì mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Ká ní iléèwé kò sí ni, bóyá ǹ bá ti dàgbà láìní ohun ìtìjú kankan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ dáadáa.

Ìyàwó ọ̀gá iléèwé wa, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, Màdáàmù la ń pè é. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á kó àwa ọmọbìnrin jọ, á kọ́ wa ní aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Ọjọ́ kan ó da iyanrìn sínú ìkòkò irin, ó gbé agolo pẹlẹbẹ lé e, ó kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Nígbà tó ṣí i, gàtó ni, àkàrà òyìnbó aládùn. Àwa mẹ́rìndínlógún la pín in, tèmi kò ju èékánná lọ, mo sì fi í sábẹ́ ahọ́n títí mo fi délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màdáàmù ní kí oníkálukú sọ ohun tí wọ́n sè nílé rẹ̀ ní àná. Ọ̀kan ní ìrẹsì. Ọ̀kan ní ẹran àgbò, irọ́ gbuu, a mọ ilé wọn. Ó kàn mí. Ẹ̀kọ àti ilá onírú ni mo jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti fi ọwọ́ di imú tipẹ́, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀, "Irú ti wọ kíláàsì o, ẹ ṣí fèrèsé." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbé àgbọ̀n sókè.

"Gàtó, Màdáàmù. Ìyá àgbà mi ló sè é."

"Ah bọ̀n?" ni Màdáàmù fi Faransé wí. "Ìyá àgbà rẹ mọ gàtó í sè?"

"Ọ̀gá ni, Màdáàmù."

"Ó dáa. Bàbá rẹ ti pè wá síbi ìdána lọ́la, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Níbẹ̀ ni n ó ti tọ́ ọ wò."

Mo jókòó. Ìdí mi tutù lórí bẹ́ǹṣì.

Ìdána àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Lagbé ni àwọn àna ti ń bọ̀. Wọ́n ti rán ẹrù síwájú láti ọjọ́ Ẹtì: iṣu, obì, orógbó, oyin, àpò iyọ̀ kékeré, àti páálí ṣúgà oníhóró méjì, gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹní nínú yàrá Ìyá Àgbà. Mo wo páálí yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n iléèwé ronú. Gàtó rọ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ rọ̀. Gàtó ń wú lórí iná, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń wú. A ń po gàtó, a ń po ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kí ló wá kù láàárín wọn? Ṣúgà ló kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ka ìwé jù mí lọ ti fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe ìjọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá ti po ẹ̀wà tán nínú abọ́ ńlá méjì, ata, epo, irú, ẹja gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ti pé, ó ku iyọ̀. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ gba ewé eéran lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Páálí kan ti wà lábẹ́ ìró mi, mo yára fi omi gbígbóná yọ́ ọ nínú igbá. Mo pín in sí abọ́ méjèèjì. Mo rò ó. Nígbà tí ó padà dé, mo ti jókòó, mo ń nu ewé tí kò dọ̀tí.

Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, díẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bù, tí kì í tó láéláé. Ó rò ó. Ó kán an sí mi lọ́wọ́. Mo lá a.

Ẹ̀yin èèyàn mi, adùn àti ẹja gbígbẹ! Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ orin ìyàwó nínú ilé òkú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ pé mo mọ̀. N kò ṣèèṣì. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà ṣì wà nínú àpò, ọlọ ṣì wà nílẹ̀, oòrùn kò tíì ga.

"Ahọ́n mi, kí lo wí?"

Mo rántí Màdáàmù. Mo rántí ọmọ tó di imú. Mo ní, "Ó tó, Ìyá."

"Ó tó, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó?"

"Ó tó. Ó dùn gan-an."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù mí lẹ́nu. "Bí ahọ́n tèmi bá ti kú, tìrẹ kì í tàn mí." Ó fa ewé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Nígbà tí àwọn àna jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ òórùn ewé gbígbóná. Ọ̀gá iléèwé wà níbẹ̀, Màdáàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré lórí itan. Wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n tú ewé, èéfín rú. Ìyá Àgbà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, orógùn lọ́wọ́, gèlè tuntun lórí. Èmi ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, arúgbó Lagbé tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ dúró. Bàbá mi jẹ ẹ́, ó rọra sọ ìyókù padà sínú ewé, ó wo ilẹ̀. Ọ̀gá iléèwé wúkọ́. Àwọn tó lójútì ń jẹun, wọ́n ń wo ara wọn. Gbólóhùn tí Ìyá ń retí kò wá. Mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń yí lára orógùn.

"Ṣé kò sí o?" ó béèrè.

"Kò sí, Ìyá wa," ni àwọn kan wí.

Ó rìn lọ sídìí àwo. Ó mú ọ̀kan, ó tú u, ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ó yí ojú padà, ó wò mí.

Bí mo bá fi ọwọ́ kan ètè mi, bí mo bá mi orí lásán, á mọ̀ pé ahọ́n rẹ̀ ní kí ó dákẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ń ka èèrà.

Ó gbé mì. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna," ó wí. "Iyọ̀ ló pọ̀ jù. Ọwọ́ mi ló já."

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, tó ń gbé omi bọ̀, dúró lójú ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ là. Ó yé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé ahọ́n Ìyá kò mọ adùn mọ́. Arúgbó Lagbé ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ fún aláìsàn.

"Ìyá wa, kì í ṣe iyọ̀. Ṣúgà ni."

Ojú Ìyá Àgbà kò yí. Ó kàn ń ká ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, sí mẹ́rin.

Arúgbó náà rí i. Ó pàtẹ́wọ́, ó gbé ohùn sókè. "Ẹ wò ó, àwọn ará Ifangni gbọ́n jù wá lọ! Àwa gbé ṣúgà wá ká fi ṣàdúrà, wọ́n ti fi í sínú oúnjẹ kí a tó la ẹnu. Ìgbéyàwó yìí kò lè korò mọ́ o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wúlò ni, ìdána gba ojú rẹ̀ padà, àbúrò bàbá mi lọ sílé ọkọ láìsí wàhálà. Màdáàmù nìkan ló jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tirẹ̀ tán. Ó jẹ ẹ́ títí dé ewé. Nígbà tó gbé ojú sókè, èmi ló wò. Láti ọjọ́ náà kò bi mí mọ́ ní kíláàsì pé kí ni mo jẹ.

Ìyá ti gbé orógùn lé orí àwo omi Ìyá Ẹ̀yìnkùlé kí àwọn àlejò tó dìde. Kò sí ìjà, kò sí ìpàdé. Ó kàn gbé e lé e ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fi eérú fọ ìkòkò. Mo jókòó. Mo mú ìkòkò kékeré, mo ń bá a fọ̀ ọ́.

"Ṣúgà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Páálí kan?"

"Páálí kan."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Màdáàmù, ti gàtó, ti ọmọ tó di imú. Mo ń retí ìgbájú. Ká ní ó gbá mi ni, ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbọ́ mi dópin, ó da omi eérú nù.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu, pẹ̀lú irú?"

Mo sọkún. Ó dúró kí n sọkún tán, ó tún béèrè. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Alásè ni.

"Kò dùn, Ìyá. Adùn yẹn pa irú lẹ́nu mọ́. Ó ń há mi lọ́fun."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí. "Òótọ́ nìyẹn." Ó dojú ìkòkò dé kó gbẹ. "Bí o bá ń wá adùn nínú ẹ̀wà, àgbọn ni kí o wá. Rin ín, fún omi rẹ̀ sí i dípò omi lásán. Àgbọn àti irú lè gbé pọ̀. Ṣúgà kò gbọ́ èdè wọn."

Kò pè mí ní Ahọ́n mi lọ́jọ́ náà. Kò tún pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Orúkọ mi gan-an ló ń pè, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti pẹ́. Mo ti dàgbà, mo ti di ẹni tí àwọn ọmọ ń yọ lẹ́nu pé kò lè se oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Mo ti fi ẹyin sínú èkuru, mo ti fi ata ilẹ̀ sínú ilá, ọkọ mi ti sá lọ jẹun níta nígbà méjì. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ alágbọn tí mo ń sè, wọ́n ń wá a láti Igolo. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló kọ́ mi, mo máa ń sọ pé Ìyá Àgbà, mo sì máa ń dákẹ́ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkómọ tó kọjá, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, tó ti darúgbó kọjá rírìn, ní kí wọ́n gbé orógùn àlejò wá fún mi. Gbogbo ilé pariwo. "Ṣùgbọ́n má fi ṣúgà sí i o, bíi ti Ìyá Àgbà!" ni ẹnìkan kígbe. Ìtàn náà ti di àwàdà ilé wa, gbogbo ayẹyẹ ni wọ́n ń sọ ọ́: bí arúgbó kan ṣe ṣi ṣúgà mú fún iyọ̀ lójú àna. Àwọn ọmọ tí kò rí i rí mọ ọ́n sí alásè oníṣúgà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú mi dáadáa. Mo sì gba orógùn náà.

Ó wà lókè àjà mi báyìí. Bí mo bá fẹ́ pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo máa ń ké sí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ, n ó kán an sí i lọ́wọ́, n ó wo ẹnu rẹ̀. "Ó dùn, Màmá," ni wọ́n ń yára wí, wọ́n ti fẹ́ lọ ṣeré. N ó lé wọn lọ. N ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́ ara mi, yóò tutù, n ó lá a, n ó sì dúró díẹ̀, nítorí mo mọ ìbéèrè tó kàn.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, Ìyá," ni mo máa ń wí.